Gloxinia mi ti yọ ọ̀mùnú

Ẹ kú àdúrótì o. Nígbà òtútù, mo béèrè bóyá gloxinia mi, òdòdó inú ìkòkò tó ń hù láti ara iṣu kékeré, níbí ní London ti kú, torí gbogbo ewé rẹ̀ rọ lẹ́yìn tó tanná tán. Kò kú, ó sùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má dà á nù, mo dúpẹ́ gidigidi.

Mo dá omi dúró, mo gé ewé gbígbẹ kúrò, mo gbé ìkòkò rẹ̀ sí yàrá tí kò gbóná púpọ̀, bíi 10 sí 15°C. Ìgbà tí ọ̀mùnú onírun múlọ́múlọ́ yọ ni mo tó fi ilẹ̀dú tuntun tún iṣu rẹ̀ gbìn, ojú tó kòtò díẹ̀ sókè. Igbó Bràsíl ló ti wá, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ló ń fẹ́, kì í ṣe oòrùn ọ̀sán gangan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ọ̀rọ̀ omi jùlọ: inú àwo ìsàlẹ̀ ìkòkò ni mo ń bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí. Omi tútù tó bá kan ewé a máa fi àbàwọ́n sí i lára.

Ewé tuntun ti ń fẹ̀, inú mi sì dùn gan-an. Ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn, mo pa á dé níbí.