Ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ Hama àti Yakone yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí Avatar: The Last Airbender, eré àwòrán tí àwọn kan ti ń fi agbára darí omi, ilẹ̀, iná tàbí afẹ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n ti Toph, ọmọbìnrin tó ń darí ilẹ̀, mọ́ àpótí irin, ó ń lu irin náà títí ó fi mọ̀ pé erùpẹ̀ kù nínú rẹ̀, ló bá fà á ya. Ìyẹn yé mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ti dídarí ẹ̀jẹ̀ inú ara ẹlòmíràn ni kò yé mi. Ara eku ni Hama, obìnrin tó ń darí omi, ti kọ́ ọ lẹ́wọ̀n, àfi kí òṣùpá yọ kíkún kó tó lè darí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nínú The Legend of Korra, eré tó tẹ̀lé e, ọ̀daràn kan tó ń jẹ́ Yakone ṣe é fún odindi ilé ẹjọ́ lọ́sàn-án gangan! Ṣé àbímọ́ nìkan ni? Àbúrò mi ń bi mí, mi ò sì fẹ́ ṣì í lọ́nà.