Jaromir Jagr ní New Jersey: ṣé ká kà á sí nǹkan ńlá?

Olólùfẹ́Yìnyín:
Ẹ kú ìjókòó o. Ní sáà 2013-14, Jagr, àgbà agbá họ́kì orí yìnyín, kópa nínú gbogbo ìdíje 82 tí ẹgbẹ́ rẹ̀, New Jersey Devils, gbá. Ó ju góòlù 24 wọlé, ó lànà fún 43. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 67, kò sì sẹ́ni tó bá a dé ibẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó pé ọmọ ọdún 42 ní oṣù kejì 2014 nìyẹn! Síbẹ̀ Devils ò rọ́nà dé ìpele ìyọkúrò (playoffs) tó máa ń tẹ̀ lé sáà. Àwọn kan wá ń sọ pé ẹnikẹ́ni ló lè yọrí nínú ẹgbẹ́ tí kò lágbára. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí. Kí lẹ rí sí i?

Ọ̀pá_Gígùn:
Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ará mi. Parise, akọni Devils, ti lọ ní 2012, akọni kejì, Kovalchuk, tẹ̀ lé e ní 2013. Ta ló kù tí wọ́n fẹ́ gbé sórí yìnyín? Èyí tí Jagr ṣe fún ẹgbẹ́ Florida ní 2015-16 ló wú mi lórí: àròpọ̀ góòlù àti ìlànà rẹ̀ jẹ́ 66 lẹ́ni ọdún 44, ẹgbẹ́ náà sì ṣe ipò kìíní ní ìsọ̀rí wọn.

ÌyáHọ́kì:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà rárá. Níbi tí akọni bá pọ̀ sí, àwọn tó ń ṣọ́ wọn ò mọ ẹni tí wọn ì bá dì mú. Ní New Jersey, òun ni gbogbo wọn ń rọ́ lù. Eré sísá tó ní nígbà tó wà ní Pittsburgh, níbi tó ti gba Ife Stanley, ife ńlá họ́kì, ní 1991 àti 1992, ti dín kù. Kí ló wá ń ṣe? Á gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, á kọ ìdí sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, á na ọ̀pá síwájú, pọ́ọ̀kì, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, ò ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ẹnì kan á fi ráyè. Ẹ tì í, ẹ fà á, kì í yẹ̀! Irú agbára itan bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé wà lára àgbà. Lóru ló máa ń lọ ṣeré ìdárayá, tòun ti ẹ̀wù tí wọ́n di ẹrù sí.

Ibi tí Devils ti pàdánù ni pẹnáritì tí wọ́n fi ń yanjú ìdíje tó bá wà ní ọ̀mì: ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ni wọ́n gbá a ní sáà yẹn, wọn ò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní wọ́n mú ìdajì, wọn ì bá dé ìpele ìyọkúrò, a ò sì ní máa jiyàn yìí.

Ọ̀pá_Gígùn:
Ẹ borí lórí ti pẹnáritì, ìyá wa. Ṣùgbọ́n Florida ni mo ṣì dúró tì.