Òjò ká wa mọ́ ọgbà ìṣeré n'Òṣogbo

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi àtàwọn ìbejì wà nínú ọgbà ìṣeré kan n'Òṣogbo níbí lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí òjò ńlá dé. Táíwò ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ẹṣin onírin tó ń yí po ni wọ́n pa ẹ̀rọ. Abẹ́ ìbòrí páànù la sá sí, àrá ń sán, Kẹ́hìndé ń gbọ̀n. Wọn ò dá owó padà! Ṣé ó tọ́? Ìgbà wo ni kí n tún kó wọn lọ?

Bàbá Àlàkẹ́: Ẹ kú ewu o, ìyá wa. Pípa tí wọ́n pa á dára gan-an, torí ohun tó bá ga ni mànàmáná sábà máa ń bà. Ṣùgbọ́n ìbòrí tí kò ní ògiri kò tó. Inú ilé gidi tàbí inú mọ́tò ni kí ẹ sá sí, ẹ má dúró sábẹ́ igi láé. Tí àrá bá dákẹ́, ẹ ṣì dúró fún 30 ìṣẹ́jú. Ti owó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lo tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́jọ́ mìíràn.

Àǹtí Ṣadé: Òjò máa ń dáwọ́ díẹ̀ lóṣù kẹjọ, àmọ́ àsìkò ọdún Ọ̀ṣun nìyẹn, èrò á kún ìgboro. Ẹ jẹ́ kó di ìparí oṣù kọkànlá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀la ni màá lọ bá wọn sọ ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì.