Ẹ bá mi wo eṣinṣin yìí, irú wo ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kòkòrò. Mo wà létí ọ̀sà ní Akoka, níbi tí mo ti ń fi fóònù ya labalábá, ni eṣinṣin kan bá bà sórí kòkòrò tó ń jẹ ewé. Kò pẹ́ tó fò lọ. Nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà lójú, mo rí ẹyin funfun méjì lẹ́yìn ọrùn kòkòrò yẹn, wọn ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Irun ìdí eṣinṣin náà le gan-an, ó rí ṣóńṣó bí ẹ̀gún òòrẹ̀.

Mo fura sí Tachinidae, ìdílé àwọn eṣinṣin tí ìdin wọn ń jẹ kòkòrò láti inú. Àmọ́ òòrùn ta sí èjìká eṣinṣin náà, mi ò mọ̀ bóyá ilà dúdú mẹ́ta ni àbí mẹ́rin. Sarcophagidae, ìdílé eṣinṣin mìíràn tó sábà máa ń ní ilà mẹ́ta, ńkọ́? Ìdin ààyè ni ìyẹn sábà máa ń bí, kì í yé ẹyin. (Ìyá mi ní eṣinṣin tó ń yé sára aṣọ tútù tí a kò fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ni. Rárá o, Mọ́mì, inú awọ èèyàn ni ìdin ìyẹn ń wọ̀.)

Kòkòrò náà ti wà nínú ike pẹ̀lú ewé. Apá ibo lára eṣinṣin ni kí n yà tí òmíràn bá tún bà?