Làpálàpá orí ọmọ mi kò lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àlàbá, Kétu: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Irun orí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, ti já lójú mẹ́ta. Ojú ibẹ̀ ń pẹ́, ó funfun bí eérú. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí irun tó kán mọ́ awọ, tó ṣe tó-tò-tó dúdú. Ó ń họ ọ́ lóru. Ìyá ọkọ mi ní ká fi ewé àsunwọ̀n pa á. A pa á, a tún ra ìpara ní fámásì. Ti ara lọ, ti orí kò gbọ́.

Onígbàjámọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ fá a kodoro, kí ẹ fi kẹrosíìnì pa á. Ohun tí wọ́n fi wo àwa náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́: Bàbá, ẹ má bínú, kẹrosíìnì á bó ọmọ lórí ni. Ìyá Àlàbá, inú irun gan-an ni kòkòrò yìí ń gbé, ìpara kì í dé ibẹ̀. Oògùn mímu ló ń lé e: griseofulvin, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tàbí terbinafine. Bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún un, nítorí náà ẹ má yá ti ọmọ ẹlòmíì lò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ha ìpẹ́ náà, kí wọ́n fa irun díẹ̀, kí wọ́n fi máíkíróskópù wò ó. Ẹ sá fún ìpara tó ní cortisone, irú èyí táwọn abóra ń rà lọ́jà. Pípọ́n á rọlẹ̀, kòkòrò á máa ràn lábẹ́lẹ̀. Bó bá wú tó ń ṣọyún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Onígbàjámọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́: Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé abẹ wa ló fà á o.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́: Ó wà níbẹ̀, Bàbá! Abẹ, òòyà, fìlà, gèlè. Ẹ yẹ orí àwọn tó kù nílé wò pẹ̀lú. Ẹlòmíì ní in, kì í yún un. Tí ọmọ yín bá ti ń lo oògùn, ó lè lọ síléèwé.

Ìyá Àlàbá, Kétu: Tàǹtí, ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ní oúnjẹ ọlọ́ràá ni wọ́n fi ń lo griseofulvin. Ọmọ yìí kì í mu mílíìkì. Ṣé wàgáṣì, wàrà tí wọ́n ń dín, ṣe é lò?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́: Ó ṣe é lò dáadáa. Ẹ dín in fún un. Ẹ̀pà náà dára.