Ọ̀rẹ́ mi ará Mẹ́síkò ò fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó ti sú mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tóbi (Texas): Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Èmi àti obìnrin kan la jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ará Mẹ́síkò ni, ilé wa ò jìnnà síra. Òun ló bá mi gbé Tóbi nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹni tó lẹ́nu ni o! Nígbà tí omi òjò wọlé wa lọ́dún tó kọjá, òun ló kó gbogbo àwọn ìyá àdúgbò tó ń sọ Spanish jọ. Àmọ́ kí n ní kó wá forúkọ sílẹ̀ ká lè dìbò yan ẹni tó máa tún gọ́tà wa ṣe, kò gbà. Sátidé mẹ́ta ni mo fi lọ bá a. Ó ní ọkọ òun ò fẹ́. Mo wá fúnra mi bá a kún fọ́ọ̀mù yẹn, ó wà nínú báàgì mi báyìí, ó ku kó fọwọ́ sí i. Ó ti wá ń sá fún mi níbi iṣẹ́. Ó dùn mí gan-an. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Dallas: Ṣé sítísìn ni?

Ìyá Ìbejì: Ọkọ ò fẹ́ kẹ̀! Dolores Huerta ńkọ́, tó bá Cesar Chavez dá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko sílẹ̀ ní 1962, ọmọ 11 ló bí o! Ní Texas yín níbẹ̀ gan-an, 2018 ni Sylvia Garcia àti Veronica Escobar wọlé, àwọn ni obìnrin Latina àkọ́kọ́ tí Texas rán lọ sí Congress. Kí ọkọ ẹ̀ lọ jókòó.

Àǹtí Chicago: Ẹ yé bú ọkọ ọlọ́kọ. Ọdún mẹ́jọ lèmi náà fi jẹ́ sítísìn tí mi ò dìbò, kò sẹ́ni tó dá mi dúró, ó kàn ń rẹ̀ mí ni, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti ilé-ìwé ọmọ mi pa lojú mi tó là.

Ìyá Ìbejì: Ta ló bú ọkọ?

Ìyá Tóbi: Ẹ ṣé mà. Ó mọ ti Dolores jù mí lọ. Èdè kọ́ sì ni wàhálà, Spanish wà lórí ìwé ìdìbò wa níbí. Mi ò fipá mú un o, ìfẹ́ ni.

Bọ̀dá Dallas: Mo tún béèrè. Ṣé sítísìn ni?

Ìyá Tóbi: Green card ló ní, ó ti lé lọ́dún 20. Ó ń san owó orí bíi tèmi, ṣé ìyẹn ò tó ni?

Bọ̀dá Dallas: Háà, kò tó o! Ẹ ya fọ́ọ̀mù yẹn! Ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá sítísìn ni, kí lẹ fi síbẹ̀? Ẹni tí kì í ṣe sítísìn tó bá lọ sọ pé òun ni kó lè dìbò, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n lè dá a padà sílùú ẹ̀. Ní Texas pàápàá, ẹni tí county ò bá yàn kò gbọdọ̀ máa gba fọ́ọ̀mù tí ẹlòmíì ti kún káàkiri.

Ìyá Ìbejì: Áà. Obìnrin yẹn ń sá fún ewu, ẹ̀yin ń lé e.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ fara balẹ̀ ná. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ẹni tó bá ti lé ní 50, tó sì ti lo ọdún 20 pẹ̀lú green card, tó bá fẹ́ di sítísìn, wọn ò ní fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, èdè ẹ̀ ló máa fi dáhùn ìbéèrè nípa ìjọba àti ìtàn Amẹ́ríkà. N-400 ni fọ́ọ̀mù tó máa kún láti di sítísìn, kó rí lọ́yà kó tó fi ránṣẹ́. Ti gọ́tà yẹn, kò dìgbà tó bá di sítísìn kó tó lọ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú, kó kó àwọn ìyá yẹn dání. Ọmọ ẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Tóbi: Ẹni ọdún 57 ni. Ọmọ ẹ̀ obìnrin pé 18 ní March, ibí ni wọ́n bí i sí. Ẹ má bínú sí mi, mi ò mọ̀ ni. Mo ti ya fọ́ọ̀mù yẹn. Mo pè é, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe ọkọ òun rárá, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló ń ba òun lẹ́rù látọjọ́ yìí, ojú sì ń ti òun láti sọ fún mi. Èmi tá a jọ ń jẹun! Nígbà tí mo sọ fún un pé Spanish ló máa fi ṣe é, ó ní kí n tún un sọ. Sátidé yìí èmi àti ọmọ ẹ̀ fẹ́ lọ forúkọ tiẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, tẹ́ ẹ bá mọ lọ́yà tó ń sọ Spanish, ẹ fi sí inbox mi.