Singer ẹlẹ́sẹ̀ tó ti dógùn-ún, ṣé ó ṣì lè ránṣọ?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Singer ẹlẹ́sẹ̀ kan wà nílé wa l'Óṣogbo níbí, ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, yàrá ẹ̀yìn tó ń jò ni wọ́n gbé e sí látìgbà tí wọ́n ti kó lọ s'Íbàdàn. Ẹsẹ̀ irin ẹ̀ ti dógùn-ún, ikán ti jẹ pákó orí ẹ̀, bẹ́líìtì ò sí mọ́. Hẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ṣì dúdú, òdòdó góòlù ara ẹ̀ ṣì hàn tẹ́ẹ bá nu eruku kúrò, àmọ́ wíìlì tí wọ́n ń fọwọ́ yí ò mira rárá, ó ti gan. Àwọn tó ń ra irin àlòkù fẹ́ fi kílò rà á, mo ní rárá, torí mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́wọ́, òun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ tí mo bá ṣe firídọ̀mù tán, iná tiwa yìí ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹnì kan ní kí n fi sáńpépà ha gbogbo ẹ̀, kí n fi spírítì nù ún, kí n wá fín ọ̀dà dúdú sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá Alátùnṣe:
Àbúrò, jọ̀ọ́, má fi sáńpépà kan hẹ́ẹ̀dì yẹn o! Spírítì gan-an ló burú jù. Ṣẹ́láàkì, irú fáníìṣì kan, ni wọ́n fi bo ara àwọn máṣíìnì àtijọ́, spírítì ló sì máa ń yọ ṣẹ́láàkì, tóo bá fi nù ún báyìí gbogbo òdòdó yẹn á bá tísíù lọ, kò sì sẹ́ni tó máa bá ẹ dá a padà. Aṣọ rírọ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì máṣíìnì ló tó.

Ti gígan yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìpẹtà ló fà á, ọ́ìlì àtijọ́ ló gbẹ sínú ẹ̀ tó dì bíi gọ́ọ̀mù, pàápàá tó bá jẹ́ òróró ẹ̀pà làwọn kan ń ro sí i nígbà tí ọ́ìlì tán. Kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ àti bóbìn (èyí tí wọ́n ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí), wo abẹ́ ẹ̀ àti ẹ̀yìn wíìlì bóyá òwú we mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ro kẹrosíìnì díẹ̀díẹ̀ sí gbogbo ihò ọ́ìlì àti ibi tí irin ti ń fara kan irin, jẹ́ kó mọ́jú, kóo wá máa mi wíìlì síwá sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí ò bá gbọ́, tún ro òmíràn sí i. Má fi hámà lù ú, irin dídà ni, ṣe ló máa kán. Ìta gbangba ni kóo ti ṣe é o, jìnnà síná, torí kẹrosíìnì tí wọ́n ń tà nígboro, bẹntiróòlù máa ń wà nínú òmíì. Tó bá ti yí, nu kẹrosíìnì yẹn kúrò kóo ro ọ́ìlì máṣíìnì gidi sí i, kẹrosíìnì ń fọ nǹkan ni, kì í jẹ́ kó yọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ́ìlì mọ́tò ńkọ́? Rárá.

Ìyá Rẹdímeèdì:
Bàbá, ẹ má bínú o, tèmi wọ́n fín in lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò, ó sì ń dán.

Bàbá Alátùnṣe:
Mi ò bínú màmá. Ẹsẹ̀ irin ẹ lè kùn ún, kódà ó dáa, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò kẹ́ẹ tó kùn ún. Hẹ́ẹ̀dì ni mò ń sọ, ọ̀dà máa ń dí ihò ọ́ìlì, òdòdó ẹ̀ á sì bọ́ sábẹ́ ọ̀dà títí láé.

Àdùkẹ́ Abẹ́rẹ́:
Àwọn skúrúù àti irin kéékèèké tó dógùn-ún, rẹ wọ́n sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, fọ̀ wọ́n, nù wọ́n gbẹ lójú ẹsẹ̀ kóo sì fọ́ìlì pa wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tún pọ́n padà kílẹ̀ tó ṣú. Pákó orí ẹ̀, kápẹ́ńtà á gé òmíì, gbé èyí tí ikán jẹ yẹn lọ kó fi wọ̀n ọ́n.

Ibo ni bóbìn ẹ̀ ń wọ̀? Tó bá dúró nínú ife irin kékeré lọ́wọ́ òsì, Singer onínọ́ńbà 15 nìyẹn, irú ẹ̀ náà ni wọ́n fi ṣe máṣíìnì Butterfly, bóbìn àti abẹ́rẹ́ tó wà níbi gbogbo á bá a mu. Tó bá sùn sílẹ̀ lábẹ́ irin tó ń ṣí, 66 ni, bóbìn tiẹ̀ yàtọ̀. Tóo bá rí K lẹ́yìn nọ́ńbà yẹn, Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é, ilé iṣẹ́ yẹn ti kógbá wọlé láti 1980.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ ṣé gan-an ni! Ó dúró nínú ife irin, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Wíìlì ti ń mira díẹ̀ láti àárọ̀, òwú dúdú pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ lóòótọ́. Bẹ́líìtì ló kù, ṣé okùn rọ́bà lè ṣe é?

Bàbá Alátùnṣe:
Okùn rọ́bà á máa yọ̀. Ra bẹ́líìtì awọ róbótó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ télọ̀ ní Ọjà Ọba, gígùn ni wọ́n máa ń tà á, 72 íǹṣì, fi yí wíìlì méjèèjì ká kóo tó gé e, kóo wá fi ìkọ́ wáyà ẹ̀ so ó. Má jẹ́ kó le jù, ẹsẹ̀ á wúwo fún ẹ. Ro ọ́ìlì sí gbogbo oríkèé ẹsẹ̀ náà. Tóo bá ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ tìẹ ni òkè wíìlì ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ máa yí bọ̀, tó bá yí sódì òwú á lọ́ pọ̀ lábẹ́ aṣọ.